Kí Ló Dé Tí Abẹ Kan Ń Ta Ni Lára, Tí Òmíràn Kì Í Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ abẹ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé, nínú abẹ kíká tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n, èwo ló rọ ara lọ́rùn jù: ṣé èyí tó nípọn ni àbí èyí tó fẹ́lẹ́? Ìbéèrè náà fẹ́ dà bí ọ̀rọ̀ fáàrí, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún láti fá irùngbọ̀n láràárọ̀, yálà ṣọ́jà ni o tàbí ẹni tó ń wọ ìbòjú ní ilé ìwòsàn, tí ọrùn rẹ̀ wá kún fún kókó wẹ́wẹ́ tó ń yún un tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹwà lọ.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé ẹ̀gbẹ́ abẹ ní ipa tirẹ̀, àmọ́ ipa náà kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó wà. Ojú abẹ, omi, ọwọ́ ẹni tó ń fá a, àti bí irun fúnra rẹ̀ ṣe rí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yìn abẹ ló ń pinnu ojú rẹ̀

Ẹ mú abẹ kíká kan lọ́wọ́, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ẹ̀yìn tó nípọn, ó ní ojú tó mú, ó sì ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó so ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ojú. Tí èèyàn bá ń pọ́n ọ̀bẹ ìdáná, ọwọ́ ẹni náà ló ń pinnu bí ọ̀bẹ ṣe máa dagun sórí òkúta. Abẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Pẹlẹbẹ la máa ń tẹ́ ẹ lé òkúta: ẹ̀yìn rẹ̀ á kan òkúta, ojú rẹ̀ náà á kan òkúta. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn ṣe nípọn tó àti bí abẹ ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu igun ojú rẹ̀. Ẹni tó rọ abẹ náà ti pinnu rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Ìdá mẹ́jọ íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn bí abẹ ṣe fẹ̀ tó. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 5/8, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 16. Ká ní ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 4.8. Ẹ pín 4.8 sí ọ̀nà 16, ẹ ó rí 0.3. Tẹ́ ẹ bá sọ ìyẹn di dígírì, ó máa jẹ́ nǹkan bíi 17. Agbègbè ibẹ̀ ni igun ọ̀pọ̀ abẹ tó dáa máa ń wà. Ọ̀bẹ ìdáná sábà máa ń tó 30 sí 40. Tí igun abẹ bá kéré jù, ojú rẹ̀ á fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ, á máa kán. Tó bá tóbi jù, á máa ti irun ṣíwájú dípò kó wọ inú rẹ̀.

Abẹ títẹ́ àti abẹ jíjinnú

Tẹ́ ẹ bá gé abẹ sí méjì láàrin, tẹ́ ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé, ẹ ó rí ohun tí à ń sọ. Ti abẹ kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ tààrà láti ẹ̀yìn dé ojú, bíi onígun mẹ́ta gígùn tó tín-ín-rín. Ìyẹn ni mo ń pè ní abẹ títẹ́, tí òyìnbó ń pè ní wedge. Ti òmíràn, wọ́n ti lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí wọ́n fi jin wọnú, débi pé láti ìdajì abẹ lọ sí ojú, irin náà fẹ́lẹ́ bíi páálí. Ìyẹn ni abẹ jíjinnú, tí wọ́n ń pè ní full hollow. Àwọn tó wà láàrin méjèèjì pọ̀, half hollow ni wọ́n sì ń pe ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn.

Òkúta ìlọ̀ roboto ni wọ́n fi ń ṣe jíjinnú yẹn. Bí òkúta náà bá ṣe kéré tó ni ẹ̀gbẹ́ abẹ ṣe máa jinlẹ̀ tó. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Ní àwọn ọdún 1740, Benjamin Huntsman ní agbègbè Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀nà láti yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ títí á fi dọ́gba jálẹ̀jálẹ̀, láìní ibi tó le jù àti ibi tó rọ̀ jù. Irin bẹ́ẹ̀ ló sọ Sheffield di ìlú abẹ. Àwọn abẹ àtijọ́ ibẹ̀ nípọn, wọ́n sì sún mọ́ abẹ títẹ́. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abẹ jíjinnú ló wá gbòde, tí ìlú Solingen ní Jámánì sì di ibi tí ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yẹn.

Kí ni wọ́n torí ẹ̀ ń jìyà lílọ irin náà dànù? Ìdí àkọ́kọ́ kò kan awọ ara ẹnikẹ́ni rárá. Ọ̀rọ̀ pípọ́n ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ abẹ títẹ́ lé òkúta, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa kan òkúta, gbogbo irin yẹn lẹ sì máa lọ kẹ́ ẹ tó lè rí ojú tuntun. Ti abẹ jíjinnú, ẹ̀yìn àti etí ojú nìkan ló ń kan òkúta, torí pé àárín rẹ̀ ti jin kúrò níbẹ̀. Ìwọ̀nba irin díẹ̀ ni òkúta ń jẹ, ojú á sì tètè padà. Ohun tó yá láti pọ́n, wọn á tètè pọ́n ọn.

Ṣé abẹ fífẹ́lẹ́ ló mú jù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ padà sí ìṣirò wa. Abẹ títẹ́ àti abẹ jíjinnú tí ẹ̀yìn wọn nípọn bákan náà, tí wọ́n sì fẹ̀ bákan náà, igun kan náà ni ojú wọn máa ní. Ẹ tún wo irun fúnra rẹ̀. Fọ́nrán irùngbọ̀n kan kì í sábà ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan sí ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Kí abẹ tó gé e já, kìkì etí ojú abẹ náà, ibi tí òkúta ti pọ́n, ló wọnú irun. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ ti ń jin wọnú ṣì wà lẹ́yìn, kò tíì débẹ̀. Irun kò mọ̀ bóyá abẹ títẹ́ ló gé òun tàbí abẹ jíjinnú. Bí wọ́n ṣe pọ́n ojú abẹ náà sí ló mọ̀.

Ibo wá ni ẹ̀gbẹ́ abẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ọwọ́ ẹni tó dì í mú ni. Lákọ̀ọ́kọ́, abẹ títẹ́ le gan-an, kì í tẹ̀. Tó bá pàdé irùngbọ̀n tó ki, tó sì le, ó máa ń kọjá láìgbọ̀n. Abẹ jíjinnú fẹ́lẹ́, ó sì lè tẹ̀ díẹ̀. Tí ọwọ́ bá wúwo tàbí tí ojú abẹ bá dìde jù lórí awọ, á máa gbọ̀n, á máa fò, ibi tó bá ti fò ni ara á ti máa ta èèyàn. Lọ́nà kejì, abẹ jíjinnú máa ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gé irun ló ń dún ṣéé-ṣéé, irin fífẹ́lẹ́ náà sì ń gbé ìró yẹn lọ sí etí àti ìka ọwọ́. Tí ìró bá yí padà, ẹni tó ń fá a á mọ̀ pé ọwọ́ òun ti ṣì tàbí pé ọṣẹ ti gbẹ níbẹ̀. Abẹ títẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́nà kẹta, abẹ títẹ́ wúwo. Ìwúwo rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti máa lọ, kò sì nílò kí ọwọ́ tì í.

Fún ìdí yìí, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ le bíi wáyà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì mọ iṣẹ́ náà, abẹ agbedeméjì ló máa bá a mu jù. Ó le tó láti má gbọ̀n, ó fẹ́lẹ́ tó láti sọ̀rọ̀, kò sì ní fi òkúta dá a lágara.

Omi kọ́kọ́, abẹ lẹ́yìn

Irin abẹ le ju irun lọ ní nǹkan bí ìlọ́po àádọ́ta. Kí wá ló dé tí irun fi ń sọ abẹ di kíkú? Ní 2020, Gianluca Roscioli àti Cem Tasan pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn ní MIT, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo abẹ bó ṣe ń gé irun. Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú abẹ kì í kàn jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà. Ńṣe ló ń kán wẹ́wẹ́. Ó sì máa ń kán nígbà tí irun bá ráyè tẹ̀, tó wá dagun kọlu ojú abẹ láti ẹ̀gbẹ́, pàápàá níbi tí irin náà kò ti dọ́gba. Ẹ rí i pé ohun tí Huntsman ń wá nínú ìkòkò amọ̀ rẹ̀, irin tó dọ́gba jálẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì tán títí di òní.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní, irun gbígbẹ le. Irun lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ mu, tó bá sì ti mu ún, ó máa ń wú, á rọ̀, agbára tí abẹ máa fi gé e á dín kù gan-an. Kì í ṣe pé kéèyàn kàn fi omi ta ojú. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ló yẹ kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fi wà lórí irùngbọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi dára kéèyàn kọ́kọ́ wẹ̀ kó tó fá a. Ọṣẹ tó hó dáadáa kò wà fún ẹwà. Ó ń dá omi dúró sára irun, ó sì ń jẹ́ kí abẹ yọ̀ lórí awọ.

Èkejì, ojú abẹ nílò ìtọ́jú kó tó di pé ó kú. Kí wọ́n tó fá a, wọ́n máa ń fa abẹ lórí awọ màlúù gbọọrọ, ẹ̀yìn ṣíwájú, ojú tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbà sí ọgọ́ta. Awọ kì í pọ́n abẹ bí òkúta. Ńṣe ló ń tún etí ojú náà tò, kó lè dúró gbọn-in. Tí ẹ bá fi ojú ṣáájú, ẹ ó gé awọ, ẹ ó sì ba abẹ jẹ́ pọ̀.

Ọwọ́ ẹni tó dì í mú

Àwọn àgbà ní mímú tí ọ̀bẹ mú, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bó ti wù kí abẹ mú tó, ọwọ́ ló ń sọ ọ́ di ìgbádùn tàbí ìyà.

Bí abẹ ṣe dagun sí awọ ni ìkíní. Ẹ tẹ́ abẹ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, kó tó nǹkan bíi dígírì 30. Tó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa fa irun tu. Tó bá ga jù, kì í fá irun mọ́, awọ ló ń họ. Ìtara tí èèyàn ń rí lẹ́yìn tó bá fá a tán, bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á lára, híhọ awọ ló sábà máa ń fà á.

Ìkejì ni agbára. Kò yẹ kí agbára kankan wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ nílò láti tẹ̀ ẹ́, abẹ náà ti kú nìyẹn. Ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ fà á lórí awọ tàbí kẹ́ ẹ pọ́n ọn. Abẹ tó kú ló ń dá ọgbẹ́ jù, torí òun ló ń mú kí ọwọ́ wúwo.

Ìkẹta ni ìhà tí irun dorí kọ. Ẹ fi ìka pa irùngbọ̀n yín nígbà tó bá ti hù díẹ̀. Ìhà tó bá yọ̀ sí ni irun ń hù sí, ìhà tó bá ń gún yín lọ́wọ́ ni òdìkejì rẹ̀. Lọ́rùn, irun lè dorí kọ òkè lápá kan, kó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ lápá kejì. Ẹ mọ ti yín dájú kí abẹ tó kàn án. Ẹ bá irun lọ, ẹ má ta kò ó. Ẹ fà á kúkúrú kúkúrú, kí ẹ má fà á láti etí dé àgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan.

Irun tiwa

Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ sínú ọ̀pọ̀ ìwé nípa fífá irùngbọ̀n, irun tó lọ tààrà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ní kí èèyàn na awọ gan-an, kó bá irun lọ lẹ́ẹ̀kan, kó tún padà ta kò ó kí ojú lè dán bíi gíláàsì. Ẹni tí irun rẹ̀ ká bíi tiwa tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàhálà ló ń rà.

Ní 1956, dókítà méjì, Strauss àti Kligman, kọ̀wé lórí kókó irùngbọ̀n tí a mọ̀ sí bumps. Orúkọ tí ìṣègùn fún un ni pseudofolliculitis barbae. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wáyé. Ọ̀nà kìíní, irun tí abẹ gé á yọ síta, á ká, á wá padà gún awọ wọlé nítòsí ibi tó ti jáde. Orí irun tí abẹ gé mú bí abẹ́rẹ́, pàápàá tí wọ́n bá gé e dagun. Ọ̀nà kejì burú jù: wọ́n na awọ tàbí wọ́n ta ko irun, irun sì fà jáde díẹ̀ kí abẹ tó gé e. Tí wọ́n bá dá awọ sílẹ̀, irun á sá padà sínú ihò rẹ̀. Nígbà tó bá tún ń dàgbà, kò ní rí ẹnu ọ̀nà, á gún ògiri ihò náà láti inú. Ara á rò pé nǹkan àjèjì ló wọlé, á wú, á máa yún, á lè gbọyún. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yọ àpá ńlá lè gbé e títí ayé.

Ẹ wá wo shaving stick alábẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún tí wọ́n ń polówó. Wọ́n ṣe é kí abẹ àkọ́kọ́ lè fa irun sókè díẹ̀, kí àwọn tó tẹ̀ lé e wá gé e kó tó padà. Fún irun tó lọ tààrà, ojú á dán. Fún irun tiwa, ọ̀nà kejì tí mo ṣàlàyé tán yìí gan-an ni. Abẹ kan ṣoṣo tó mú, tó bá irun lọ lẹ́ẹ̀kan, tó fi irun díẹ̀ sílẹ̀ lójú awọ, ló sàn. Nítorí náà, ẹ má na awọ jù. Ẹ kàn fi ìka dì í mú kó má ká jọ. Tí àgbọ̀n bá ṣì ń gún yín lọ́wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ fá a tán, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn rí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbé píísà lọ fún oníbàárà kúrò níṣẹ́ torí irùngbọ̀n tí àìsàn yìí kò jẹ́ kó lè fá. Ní 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé òfin ilé iṣẹ́ náà ń pa àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lára ju àwọn yòókù lọ, àti pé ilé iṣẹ́ náà kò fi hàn pé òfin ọ̀hún pọn dandan fún iṣẹ́ wọn. Nínú àwọn ológun ibẹ̀ pẹ̀lú, àríyànjiyàn lórí ìwé dókítà tó ń yọ̀ǹda irùngbọ̀n kò tíì rọlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, tẹ́ ẹ sì wà nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má tijú láti lọ bá dókítà. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lẹ ti ń fá a

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yin lẹ lorí, ẹ̀yin náà lẹ lẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ la ojú yín sílẹ̀. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tó sì lè gbé e kò ní láti pọ̀ débi tí ojú máa rí i. Abẹ kíká tí onígbàjámọ̀ fi fá ẹnìkan, tó kàn nù nù, tó wá fi kan ẹlòmíì, ewu ni. Kí ó lo èyí tí wọ́n ń fi ìdajì bíléèdì tuntun bọ̀ lẹ́nu, kí ó sì já bíléèdì náà lójú yín. Abẹ kíká gidi, ti ẹnìkan ṣoṣo ni. Kódà láàrin tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí yíyá níbẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra abẹ kíká, ẹ ra agbedeméjì tó fẹ̀ tó 5/8 tàbí 6/8, kẹ́ ẹ sì náwó lórí ẹni tó máa pọ́n ọn fún yín nígbà àkọ́kọ́ ju orí èkù rẹ̀ lọ. Èkù tó ń dán kì í fá irun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi ọrùn sílẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn.

Tí kókó bá ti wà lọ́rùn yín báyìí, kò sí abẹ kankan tó máa wò ó sàn, ì báà jinnú, ì báà tẹ́. Ẹ gbé abẹ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí àwọn irun tó ká wọlé lè dàgbà jáde. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú wọn. Tó bá pọn dandan kí irùngbọ̀n mọ níwọ̀n, ẹ fi kílípà gé e mọ níwọ̀n mìlímítà kan, kó má kan awọ. Tó bá ń gbọyún tàbí tó ń yọ àpá, ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé kó dá irùngbọ̀n sí ni ìwòsàn rẹ̀, kó sì jẹ́ kó mọ́ tónítóní.